Omi Tó Kù Nínú Ẹ́ńjìnnì: Ẹni Tó Ni Ọkọ̀ Ni Kó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tẹ́ Ẹ Sùn Kí Òtútù Tó Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ohun gbogbo ló ní àsìkò tirẹ̀, iṣẹ́ tí ènìyàn bá sì fi falẹ̀ títí àsìkò rẹ̀ fi kọjá, owó gọbọi ni yóò fi ṣe é nígbẹ̀yìn. Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oṣù kẹwàá ọdún ni òwe yìí máa ń ṣẹ mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lára.

Adágún omi tó wà ní ìpínlẹ̀ náà lé ní 10,000, ọkọ̀ ojú omi tí àwọn ará ibẹ̀ sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lé ní 800,000. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Samuelson ti so pákó méjì mọ́ ẹsẹ̀ lọ́dún 1922, tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sì ń fi okùn fà á lórí adágún Pepin, tí eré ìdárayá kan tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ adágún tí àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ní oṣù keje ni àwọn àgbàlagbà ń wa mọ́tò kọjá lórí rẹ̀ ní oṣù kìíní, nítorí pé ojú rẹ̀ ti di yìnyín tó nípọn.

Láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni ìdààmú wà. Bí ewé igi bá ti ń pọ́n, tí ó sì ń rẹ̀ dànù, ni àwọn ènìyàn ń fi mọ́tò wọ́ ọkọ̀ wọn gòkè láti inú omi. Iṣẹ́ á kún ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì. Oníbàárà tó bá pẹ́ dé, ọjọ́ tí wọ́n á dá fún un lè jẹ́ ọjọ́ tí òtútù á ti ṣáájú wọn dé ibẹ̀. Ìbéèrè tó ń wáyé lọ́dọọdún náà á sì tún jáde: ṣé kí ọlọ́kọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pèsè ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà òtútù ni, àbí kí ó gbé e fún ẹni tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe?

Èsì tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ọlọ́kọ̀ ṣe é fúnra rẹ̀. Owó tí yóò ṣẹ́kù sápò rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni olórí ìdí. Olórí ìdí ni pé ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì nígbà òtútù kì í hàn sójú, ẹni tí àdánù rẹ̀ yóò sì já lé léjìká ló yẹ kó fojú ara rẹ̀ rí i pé ó ti jáde. Ibi tó bá wúwo ni ẹlẹ́rù ń gbé.

Omi ni ọ̀tá náà. Ọ̀pọ̀ nǹkan láyé ló máa ń sún kì bí òtútù bá mú un, ṣùgbọ́n omi yàtọ̀. Bí omi bá di yìnyín, ńṣe ni ó ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú fíríìsà rí, tó sì bá a ní fífọ́ lọ́jọ́ kejì, ti rí agbára yìí lójú. Ohun tó ṣe sí ìgò náà ni ó ń ṣe sí irin. Inú ògiri irin ẹ́ńjìnnì ni àwọn ọ̀nà tóóró wà, tí omi ń gbà kọjá láti mú un tutù nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá kún ibi kọ́lọ́fín kan níbẹ̀, tí òtútù sì lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, irin náà yóò sán.

Kò ní pariwo bó bá sán. Yìnyín tó sán irin náà ni yóò dí ojú ibi tó sán, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ yóò máa sùn, yóò máa jí, fún odidi oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà láìmọ̀ pé òkú ẹ́ńjìnnì ló wà lẹ́yìnkùlé òun. Ìgbà tí oòrùn bá padà dé, tí ó ṣáná sí i, ni omi á máa sun láti ẹ̀gbẹ́ irin, tàbí kí ọ́ìlì inú rẹ̀ funfun bí omi ògì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì mìíràn ni ọ̀rọ̀ kàn nígbà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò sì sábà máa ń yọ àdánù tí òtútù fà kúrò nínú ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí, àfi bí oníbàárà bá ti ra ààbò ọ̀tọ̀ fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Minnesota nìkan ni. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù líle wọ ìpínlẹ̀ Texas títí dé Houston tó wà nítòsí òkun, ìlú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé. Iná mànàmáná lọ ní ọ̀pọ̀ ilé, páìpù omi sì ń bẹ́ nínú ògiri káàkiri. Òfin tó bẹ́ páìpù wọ̀nyẹn ni òfin tó ń sán ẹ́ńjìnnì. Ará Minnesota mọ̀ pé ọ̀tá ń bọ̀, ó sì mọ oṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń gbé níbi tí òtútù ti ń ṣèèṣì yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀ràn náà máa ń bá lójijì.

Àmọ́ ewu yìí kò dọ́gba fún gbogbo ẹ́ńjìnnì. Oríṣi kan ni èyí tí wọ́n ń so kọ́ ìdí ọkọ̀ níta, irú èyí tó gbajúmọ̀ lójú ọ̀sà Èkó. Ole Evinrude, ọmọ ilẹ̀ Norway tó dàgbà sí ìpínlẹ̀ Wisconsin tó bá Minnesota pààlà, wà lára àwọn tó sọ irú ẹ́ńjìnnì yìí di ọjà tí ayé ń rà. Láti ọdún 1909 ni tirẹ̀ ti wà lórí àtẹ. Orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ilé iṣẹ́ tó jogún rẹ̀ tó dáwọ́ dúró ní 2020. Bí a bá dá irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ dúró ṣánṣán, omi inú rẹ̀ máa ń ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ohun tí ọlọ́kọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó gbé ìdí rẹ̀ sókè kí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ìgbà ooru, kí òjò àti yìnyín má baà rí ibi jókòó sí nínú rẹ̀.

Oríṣi kejì ni èyí tó wà nínú ikùn ọkọ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé omi adágún gan-an ni wọ́n ń fà wọlé láti fi mú ara wọn tutù. Omi inú irú èyí kì í jáde fúnra rẹ̀. Ó ní ibi tó ga, ó ní ibi tó rẹlẹ̀, omi a sì máa sá pamọ́ sí ibi tó rẹlẹ̀. Òun ni òtútù ń pa jù, òun ni ìlànà tó tẹ̀lé yìí sì wà fún ní pàtàkì.

Epo ni ìbẹ̀rẹ̀. Epo pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní ethanol tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ethanol yìí a máa fa omi mọ́ra. Bí omi náà bá pọ̀ tó, wọn a jọ ya kúrò lára epo, wọn a sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ táǹkì, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mu. Èyí tí ethanol rẹ̀ bá tó ìdá 15, ìjọba Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni dà á sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi rárá. Nítorí náà, ọlọ́kọ̀ á bu epo tuntun kún táǹkì, á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí epo lè rí ibi fẹ̀ sí bí ooru bá dé, á sì da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i.

Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣáná sí ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí epo olóògùn náà lè dé ibi gbogbo, kí irin sì gbóná. Kò gbọdọ̀ ṣáná sí i lórí ilẹ̀ láìfún un lómi. Ohun èlò rọ́bà kan wà tí wọ́n fi ń bo ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi, tí wọ́n á so mọ́ họ́ọ̀sì ilé. Ìyẹn ni yóò máa fún un ní omi tó mọ́, yóò sì máa ṣan iyanrìn àti iyọ̀ jáde. Abẹ̀bẹ̀ rọ́bà tó wà nínú pọ́ńpù omi kò lè fara da gbígbẹ. Ìwọ̀nba àkókò kúkúrú ti tó láti bà á jẹ́.

Bí irin bá ti gbóná, ọ́ìlì á ṣàn dáadáa, nígbà náà ni kí wọ́n pààrọ̀ òun àti asẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ti kó omi àti èérí tó ń jẹ irin mọ́ra, kò sì yẹ kí ẹ́ńjìnnì sùn nínú rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó ṣe kókó jù lọ kàn: dída omi nù. Àwọn ìdérí kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn mìíràn wà nísàlẹ̀ ibi tí èéfín ń gbà jáde, àwọn họ́ọ̀sì kan sì wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú níbi tó rẹlẹ̀ jù. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá láti ilé iṣẹ́ ló ń sọ iye wọn àti ibi tí wọ́n wà. Ọlọ́gbọ́n a gbé abọ́ kan sílẹ̀, a sì máa kó ìdérí kọ̀ọ̀kan tó bá tú sínú rẹ̀. Bí ìwé bá sọ pé méje ni, tí mẹ́fà sì wà nínú abọ́, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ó tún ku ẹ̀tàn kan níbẹ̀. Ẹnìkan lè tú ìdérí kan, kí omi kankan má jáde, kí inú rẹ̀ sì dùn pé ibẹ̀ ti gbẹ. Ó lè jẹ́ pé ìpẹtà àti iyanrìn ti dí ojú ihò náà pa, tí omi sì wà lẹ́yìn wọn. Wáyà tín-ín-rín ni oògùn rẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ fi wáyà tọ ihò náà wò dáadáa, bóyá ó kán sílẹ̀ ni o, bóyá kò kán ni o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi máa ń tú jáde gẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wáyà bá ti la ọ̀nà. Wáyà tí kò tó nǹkan yìí ni ààlà láàárín ẹ́ńjìnnì tó yè àti èyí tó kú. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, òun náà ló rọrùn jù láti gbàgbé.

Ẹ̀yìn tí omi bá tán ni antifreeze tó pọ́n bí òdòdó kàn, èyí tí wọ́n fi propylene glycol ṣe. Àwọn kan kì í da omi nù rárá. Wọ́n á kàn fi antifreeze sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi, wọ́n á ṣáná, bí wọ́n bá sì ti rí i tí omi pupa ń jáde lẹ́yìn, wọ́n á ní ó parí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, thermostat ni aṣọ́nà tó ń pinnu bóyá omi yóò wọ àárín irin tàbí kò ní wọ̀ ọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, aṣọ́nà náà á ti ilẹ̀kùn. Antifreeze á gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á jáde ní pípọ́n rẹ̀, omi adágún á sì kù sínú irin bó ṣe wà. Bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá tilẹ̀ wọlé, yóò pò mọ́ omi tó kù, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Nọ́ńbà 50 ìsàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Fahrenheit, tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò rẹ̀, fún èyí tí kò ní àbùlà ni. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ da omi nù, kí wọ́n tó da antifreeze sí i.

Ìyókù kò gba àkókò púpọ̀. Bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá gbà bẹ́ẹ̀, wọn á fọ́n ọ́ìlì sínú sílíńdà kí ìpẹtà má baà mú un. Wọn á da ọ́ìlì gíà ìsàlẹ̀ nù, wọn á sì wo àwọ̀ rẹ̀: bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti ń jò wọlé, ó sì yẹ kí wọ́n tún un ṣe kí yìnyín tó fọ́ ilé gíà náà. Wọn á gíríìsì ibi tó yẹ, wọn á tú okùn ìpẹja tó bá lọ́ mọ́ ẹ̀yìn propeller, wọn á sì gba iná kún bátìrì, nítorí pé bátìrì tí iná rẹ̀ ti tán ni òtútù tètè ń fọ́. Ìdérí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà á wà ní ṣíṣí. Òfin Minnesota tilẹ̀ pàṣẹ pé kí ó wà bẹ́ẹ̀ nígbàkúgbà tí wọ́n bá ń wọ́ ọkọ̀ lójú títì, kí ọkọ̀ má baà gbé kòkòrò àti ewéko àjèjì láti adágún kan sí òmíràn.

Àwọn tí kò fara mọ́ èrò yìí ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ wọn kò sì ṣófo. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ìsinsìnyí kún fún kọ̀ǹpútà, pé àṣìṣe kan lè ná ọlọ́kọ̀ ní ìlọ́po owó tó rò pé òun fi pamọ́, àti pé mẹkáníìkì tó ti ṣe irú rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ìgbà yóò yára rí ohun tí alákọ̀ọ́kọ́ṣe kò ní rí. Òtítọ́ ni. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n ọ́ìlì sí sílíńdà wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ka ìwé, kí ó má ṣe fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì.

Àmọ́ ẹjọ́ yẹn ń sọ pé kí ọlọ́kọ̀ kọ́ iṣẹ́ náà, kò sọ pé kí ó sá fún un. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ní Mushin kò bẹ̀rẹ̀ nípa títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ó dúró ti ọ̀gá rẹ̀, ó ń na sípánà sí i, ojú rẹ̀ sì ń gba iṣẹ́. Ọlọ́kọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: ní ọdún àkọ́kọ́, kí ó sanwó fún mẹkáníìkì, kí ó tọrọ àyè láti dúró wò, kí ó ka ìdérí tí wọ́n tú, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún kejì, òun ni yóò di sípánà mú. Bí ó bá sì wù ú láti máa sanwó títí ayé, yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi ẹni tó gbé iṣẹ́ fún. Ẹni tí kò mọ ibi tí omi ń sá pamọ́ sí kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ti lé e jáde, ìwé ẹ̀rí ìsanwó kì í sì í dí ojú irin tó ti sán.

Ewu kan wà tí ìmọ́tótó iṣẹ́ kò lè dípò. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò ṣáná sí ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tó tì pa, nítorí òtútù tàbí nítorí ìdí mìíràn. Èéfín carbon monoxide kò lóòórùn, ó sì ń pànìyàn. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn, kí wọ́n jẹ́ kí fáànù fẹ́ òórùn epo jáde kí wọ́n tó ṣáná. Antifreeze mọ́tò tí wọ́n fi ethylene glycol ṣe kò yẹ níbi tí yóò ti ṣàn sílẹ̀ tàbí sínú adágún; ó ń dùn lẹ́nu, ajá tó bá lá a lè kú. Ọ́ìlì àlòkù sì ní ibi tí wọ́n ń gbà á, kì í ṣe inú kòtò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé náà. Yìnyín kì í dì lójú ọ̀sà Èkó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó ti sun ìgbà òtútù mélòó kan nílẹ̀ òkèèrè lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ rà á wo ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀ dáadáa fún ojú ibi tí wọ́n ti jó pọ̀ tàbí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà nìkan, kí ó sì fa ọ́ìlì rẹ̀ wò. Owó tí ọlọ́kọ̀ kan kọ̀ láti ná ní àríwá Amẹ́ríkà kò yẹ kó di gbèsè sọ́rùn awakọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú.

Ní ìparí iṣẹ́, kí ọlọ́kọ̀ kọ ohun gbogbo tó ṣe sórí ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ó sì so ó mọ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, pé omi kò sí nínú ẹ́ńjìnnì yìí, pé ìdérí kò sí nídìí ọkọ̀ yìí. Oṣù mẹ́fà gùn, ọpọlọ ènìyàn a sì máa gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó rì létí omi nígbà tí ooru dé, ìdérí tí wọn kò dá padà ló rì wọ́n. Lórí ilẹ̀, ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ní ti ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá da omi nù kí òtútù tó dé ni yóò padà sójú omi nígbà tí yìnyín bá yọ́.